Kí Télọ̀ àti Nọ́ọ̀sì Tó Ra Sólà

Ilẹ̀ ti mọ́ kedere nígbà tí Nọ́ọ̀sì ti ẹnu iṣẹ́ alẹ́ dé. Ó kí baba rẹ̀ tó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé. Ìyàwó rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní yàrá iwájú, ó ń rán kọ́là mọ́ ẹ̀wù ilé ìwé. Jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn ilé.

"Ẹ káàbọ̀, olówó orí mi. Àwọn aláìsàn ńkọ́?"

"Wọ́n sùn dáadáa. Èmi nìkan ni mi ò sùn."

Ìyàwó gbé ẹ̀wù sílẹ̀, ó lọ sẹ́yìn ilé, ó pa jẹnẹrétọ̀.

"Kí ló dé tí o pa á?"

"Iṣẹ́ ti tán lọ́wọ́ mi. Ẹ lọ sùn."

Irọ́ ni. Ẹ̀wù tí àwọn òbí ń bọ̀ wá gbà ṣì wà nílẹ̀ gègèrè. Nọ́ọ̀sì rí i. Ó wọ yàrá, ó dùbúlẹ̀, ó dijú. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó yọ́ dìde, ó gba ẹ̀yìn jáde, ó fa okùn jẹnẹrétọ̀. Ariwo tún sọ.

Télọ̀ sáré dé ẹ̀yìn ilé. "Ta ló ní kí ẹ tàn án?"

"Oorun ò kùn mí."

"Ẹ̀yin tí ojú yín pọ́n bí ata yìí?"

"Ṣé oorun nìkan ló ń mú kí ojú pọ́n ni? Ẹwà rẹ ló ń tàn sí mi lójú."

Bàbá tó wà lábẹ́ igi gbọ́ wọn, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ò ṣe jẹ́ kí ẹnì kan máa purọ́, kí ẹnì kejì máa sọ òótọ́?"

Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn gbé nìyẹn. Nọ́ọ̀sì ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkọ, Télọ̀ ni wọ́n ń pe ìyàwó. Bàbá tó bí Nọ́ọ̀sì, ìdí ọkọ̀ ojú irin ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, nítorí náà Bàbá Rélùwéè ni tirẹ̀. Ilé wọn ò tóbi, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kì í wọ́n níbẹ̀. Ohun tó wọ́n níbẹ̀ ni iná. Iná àdúgbò náà dà bí àlejò tí kì í sọ ọjọ́ tó ń bọ̀, tí kì í sì í dágbére bó bá ń lọ. Bí kò bá sí iná, àfi jẹnẹrétọ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ bá sì ń ké, ife orí tábìlì a máa gbọ̀n, Nọ́ọ̀sì ò sì ní rí oorun sùn. Bí wọ́n bá pa á, iṣẹ́ Télọ̀ dúró nìyẹn.

Láìpẹ́, ara Nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un. Lọ́jọ́ kan nílé ìwòsàn, ó fẹ́ fún aláìsàn kan ní oògùn, ó wá rí i pé oògùn ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì lòun mú dání. Ó rí i kó tó fún un, ó sì dá a padà. Nígbà tó délé, ó sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

Télọ̀ di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. Ó ní, "A máa ra sólà."

"Owó dà?"

"Owó tí mo ń kó jọ fún ẹ̀rọ tó ń ṣe ọnà sára aṣọ wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ yẹn lè dúró. Ara yín ò lè dúró."

"Nígbà náà, èmi á yá ìyókù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa."

Ní òpópónà tó wà níwájú àdúgbò wọn, ọkùnrin kan ń ta sólà níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ dùn débi pé bó bá ń ta omi fún ẹja, ẹja á rà á. Kò sí ohun tó máa ń sọ ju pé ẹni tó bá ra ọjà òun, oòrùn ò ní wọ̀ nílé rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Oòrùn-Ò-Wọ̀ nìyẹn. Télọ̀ ránṣẹ́ pè é.

Ó dé tòun ti ẹ̀rín. Kò gun òrùlé. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó wo ilé láti òkè dé ilẹ̀, ó mi orí.

"Ilé yìí fẹ́ èyí tó tóbi," ó wí. "Èyí tó tóbi jù ni mo máa gbé wá fún yín. Ẹ máa já wáyà iná ìjọba dànù."

"Ṣé ó máa gbé ayọ́ọ̀nù mi?" Télọ̀ bi í.

"Á gbé e."

"Fìríìjì àti ẹ̀rọ tó ń fa omi ńkọ́?"

"Á gbé gbogbo ẹ̀, agbára á tún ṣẹ́ kù fún aládùúgbò."

"Bí òjò bá ń rọ̀ ṣáá ńkọ́?"

"Sólà tiwa ò mọ òjò, màmá."

Ó sọ iye rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ti ń tòògbé tẹ́lẹ̀ la ojú.

"Ẹ má wo iye yẹn," Oòrùn-Ò-Wọ̀ wí. "Lẹ́yìn ọjọ́ Ẹtì, ó máa gòkè. Ẹ̀yin lẹ ní oríire. Ohun kan ṣoṣo ló máa dí wa lọ́wọ́." Ó na ìka sí igi máńgòrò. "Igi yìí bo òrùlé. Ẹ gé e. Mo ní àwọn ọmọṣẹ́ tó ní ayùn, wọ́n á ti gé e kí ẹ tó fọ ojú tán."

Àwọn méjèèjì yíjú sí ibi tí Bàbá Rélùwéè jókòó sí.

Ìyá Nọ́ọ̀sì ló gbin igi náà lọ́dún tí wọ́n kó dé ilé yìí. Ó ní òun ò lè máa fọ aṣọ nínú oòrùn títí òun á fi darúgbó. Igi náà dàgbà, ó tan ẹ̀ka, ìyá sì ń fọ aṣọ lábẹ́ rẹ̀ títí ó fi kú. Láti ìgbà náà, lójoojúmọ́ ni Bàbá ń gbé àga rẹ̀ lọ síbẹ̀ tòun ti rédíò kékeré kan. Bó bá ti jókòó, ó di ìrọ̀lẹ́.

Nọ́ọ̀sì ló lọ bá a. Ó lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga.

"Bàbá, ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ?"

"Eegun ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, etí mi ò dùn mí."

"Kí lẹ rí sí i?"

Bàbá gbójú sókè, ó wo ẹ̀ka igi. "Igi ni," ó wí. "Èèyàn ló gbìn ín, èèyàn náà ló máa gé e. Oorun tìẹ ni kó o wá. Ìyá rẹ náà, bó bá wà láyé, ohun tó máa sọ nìyẹn."

Ó pa rédíò, ó dìde, ó fúnra rẹ̀ gbé àga rẹ̀ wọlé.

Ní ọjọ́ kejì, kí Nọ́ọ̀sì tó ti ibi iṣẹ́ dé, Télọ̀ ń lọ sí ilé ìdáná ló bá rí Bàbá nínú ọ̀nà àárín ilé. Ó jókòó sórí àga rẹ̀, ó kọjú sí ògiri, rédíò wà lórí itan rẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Mò ń fi kọ́ra ni, ìyàwó mi. Tí wọ́n bá wá gé e tán, kó má ṣe mí bákan."

Télọ̀ padà sí ìdí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó rán ọwọ́ ẹ̀wù kan, ó rí i pé òdì lòun rán mọ́ ọn, ó tú u. Ó tún un rán, ó tún rán an sódì. Ó gbé aṣọ náà tì, ó mú fóònù, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí ni gbogbo ẹbí ń pè ní Àǹtí Ẹnjiníà. Iṣẹ́ iná mànàmáná ló kọ́, àwọn ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn kéékèèké ló sì máa ń bá ṣe sólà. Télọ̀ ò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu tẹ́lẹ̀, nítorí ọ̀nà rẹ̀ jìn. Nígbà tó ro ẹjọ́ tán, Àǹtí bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan péré.

"Ṣé ẹ ti sanwó?"

"Rárá o. Ọjọ́ Ẹtì la fẹ́ san."

"Ẹ má san nǹkan kan. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ayùn kan igi. Mò ń bọ̀ lọ́la."

Àǹtí dé lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, pẹ̀lú báàgì kan léjìká. Ó kúnlẹ̀ kí Bàbá, ó dì mọ́ àbúrò rẹ̀, ó wo ojú Nọ́ọ̀sì.

"Ọkọ wa, ṣé ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú aláìsàn ni àbí ẹ̀yin gan-an ni aláìsàn?"

"Àǹtí, ọwọ́ kan náà ni mo fi ń ṣe méjèèjì."

"Ẹ jókòó. Ẹ sọ fún mi, kí lẹ fẹ́ kí sólà ṣe fún yín?"

"Kó fún wa níná," Télọ̀ wí.

"Iná fún kí ni? Ìgbà wo? Kí ló ń jẹ iná nínú ilé yìí?"

Wọ́n wo ara wọn. Kò sẹ́ni tó mọ̀.

"Ẹ ò rí i? Ẹ fẹ́ lọ se oúnjẹ fún àlejò, ẹ ò sì mọ̀ bóyá ẹnì kan ni wọ́n àbí ogún. Ẹni tó bá ń ta oúnjẹ ló máa sọ fún yín pé wọ́n pọ̀."

Ó mú ohun kékeré kan jáde nínú báàgì rẹ̀. Mítà ni. Ihò iná tó wà lára ògiri ni èèyàn á kọ́kọ́ ki mítà náà bọ̀, á wá ki wáyà ohun tó fẹ́ wọ̀n sínú rẹ̀, mítà á sì fi iye iná tí nǹkan náà ń jẹ hàn. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n. Nọ́ńbà tó jáde kéré débi pé Télọ̀ rò pé mítà ti bàjẹ́. Wọ́n wọn fáànù, òun náà ò pọ̀. Bàbá Rélùwéè gbé rédíò tirẹ̀ wá, òun tìkára rẹ̀ ló fi wáyà rẹ̀ sí mítà. Nọ́ńbà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má kúrò lójú kan.

"Ọmọ dáadáa ni rédíò mi," Bàbá wí. "Kì í jẹun jù."

Ó wá kan ayọ́ọ̀nù. Bí Télọ̀ ṣe tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà fò sókè, jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé sì fà sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé lórí.

"Ẹ wò ó," Àǹtí wí. "Ayọ́ọ̀nù kan ṣoṣo yìí ń jẹ tó ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́wàá. Ohunkóhun tó bá ń mú nǹkan gbóná nínú ilé, ọ̀tá bátìrì tó ń tọ́jú iná sólà ni: ayọ́ọ̀nù, ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, ààrò oníná. Nítorí ayọ́ọ̀nù ni ọkùnrin yẹn fi ní kẹ́ ẹ ra èyí tó tóbi jù."

"Ṣùgbọ́n mi ò lè rán aṣọ kí n má lọ̀ ọ́."

"Ìgbà wo lo máa ń lọ̀ ọ́?"

"Bí mo bá ti rán ọ̀kan tán ni."

"Kó wọn jọ. Bí iná ìjọba bá dé, lọ gbogbo wọn pọ̀. Bí kò bá dé, ayọ́ọ̀nù onígáàsì wà. Iṣẹ́ rẹ ò ní dúró, o ò sì ní ra bátìrì nítorí ìṣẹ́jú mélòó kan lójúmọ́."

Wọ́n dé ìdí fìríìjì. Mítà ń ka nọ́ńbà, fìríìjì ò sì sinmi. Àǹtí fi ìka tọ etí ilẹ̀kùn rẹ̀, rọ́bà ibẹ̀ ti ya.

"Atẹ́gùn tútù ń jò jáde níbí, ìyẹn ni kò ṣe sinmi. Ẹ ra rọ́bà tuntun fún un. Gílóòbù yín náà, àwọn ti àtijọ́ ni, ẹ yọ wọ́n, kẹ́ ẹ fi àwọn tí kì í jẹ iná rọ́pò wọn. Iná tí ẹ ò bá jẹ, ẹ ò ní ra sólà fún un."

Nọ́ọ̀sì ti jí pátápátá. "Kò sẹ́ni tó sọ èyí fún wa rí."

"Ta ló máa sọ ọ́? Ẹni tó fẹ́ ta màlúù ò ní sọ fún yín pé ewúrẹ́ ti tó."

Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé àkàsọ̀ ti ilé. Nọ́ọ̀sì dì í mú, Àǹtí gòkè lọ. Ó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ tó ń fi ọwọ́ kan páànù, kọ̀, kọ̀, kọ̀. Bàbá Rélùwéè jáde síta láti wò ó, kò sì mọ̀ pé òun ti dúró sábẹ́ igi rẹ̀.

Nígbà tí Àǹtí sọ̀kalẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀.

"Òrùlé iwájú ò dára. Páànù ibẹ̀ ti dípẹtà, ìṣó rẹ̀ ti ń tú. Ẹni tó bá gbé páńẹ́ẹ̀lì tó ń gba oòrùn síbẹ̀, òjò á máa jò sórí bẹ́ẹ̀dì yín, ẹ á sì tún tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ láti ṣe òrùlé. Òjìji igi náà ń bò ó láti ọ̀sán lọ, bó sì ti wù kó kéré tó, òjìji tó bo páńẹ́ẹ̀lì kan lè fa àwọn ìyókù sẹ́yìn."

Bàbá sorí kọ́. "Nígbà náà, kí wọ́n gé e."

"Bàbá, mi ò tíì parí ọ̀rọ̀. Òrùlé ẹ̀yìn, lókè ilé ìdáná, tuntun ni páànù rẹ̀. Oòrùn ń bẹ níbẹ̀ láti àárọ̀ títí dọwọ́ ìrọ̀lẹ́, òjìji igi ò sì dé ibẹ̀. Ibẹ̀ ni páńẹ́ẹ̀lì máa wà. Igi yìí gan-an ló ń jẹ́ kí iwájú ilé tutù. Bí ẹ bá gé e, fáànù lẹ máa rà kún un."

Bàbá fi ọwọ́ pa èèpo igi náà lẹ́ẹ̀kan, ó wọlé, ó sì gbé àga rẹ̀ padà jáde. Télọ̀ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fi etí aṣọ nu ojú. Ó ní eruku òrùlé ló bọ́ sí òun lójú.

Wọ́n jókòó yí Bàbá ká, Nọ́ọ̀sì wá bi ìbéèrè tó wà lọ́kàn gbogbo wọn.

"Àǹtí, ṣé ká rà á àbí ká má rà á?"

"Ẹ jẹ́ ká wò ó papọ̀. Ẹ ro ohun tí jẹnẹrétọ̀ ń gbà lọ́wọ́ yín lọ́dún, epo rẹ̀, ọ́ìlì rẹ̀, owó ẹni tó ń tún un ṣe. Ẹ wá ro iye sólà tó tó yín gan-an, kì í ṣe èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín. Ọdún mélòó ni owó epo tẹ́ ẹ ò ní ná mọ́ máa fi san owó sólà? Bí ọdún yẹn bá kéré sí ọdún tí bátìrì máa lò, ẹ rà á. Bí bátìrì bá máa kú kí owó tó wọlé, ẹ sinmi ná."

"Ọdún mélòó ni bátìrì máa ń lò?"

"Ó yàtọ̀ síra. Bátìrì olómi kì í wọ́n lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lò ó gbẹ lójoojúmọ́, kì í pẹ́ kú. Bátìrì lítíọ́ọ̀mù wọ́n jù ú lọ, ó sì máa ń pẹ́ jù ú lọ dáadáa. Ẹ má bi wọ́n léèrè iye tí ẹ máa san lónìí nìkan. Ẹ bi wọ́n pé ọdún mélòó ni wọ́n kọ sínú ìwé gáráńtì rẹ̀."

Wọ́n ṣírò. Ó gba àkókò, nítorí Bàbá ń gbèjà jẹnẹrétọ̀ pé kò jẹ epo tó bẹ́ẹ̀, ọmọ rẹ̀ sì ń rán an létí iye ìgbà tó ti rán òun lọ ra epo. Nígbà tí wọ́n parí, sólà tó tó wọn ò tó ìdajì èyí tí Oòrùn-Ò-Wọ̀ sọ. Nọ́ọ̀sì ò ní nílò láti yá owó kankan. Epo tí wọn ò ní rà mọ́ á sì ti san owó rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí bátìrì tó darúgbó.

"Oorun ọkọ mi ńkọ́?" Télọ̀ bi í. "A ò ṣírò ìyẹn mọ́ ọn."

Àǹtí ṣí báàgì rẹ̀, ó wo mítà inú rẹ̀, ó pa á dé. "Mi ò ní mítà tó lè wọn ìyẹn, àbúrò mi."

Ní ọjọ́ Ẹtì, Oòrùn-Ò-Wọ̀ dé pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ayùn. Àǹtí ti padà sí ilé rẹ̀. Télọ̀ ló gbé àga fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè ní pẹ̀lẹ́. Irú bátìrì wo ni? Ọdún mélòó ni gáráńtì rẹ̀? Bí nǹkan bá bàjẹ́, ta ló ń bọ̀ wá wò ó? Bí òun bá ń lo ayọ́ọ̀nù láti àárọ̀, ìgbà wo ni bátìrì máa gbẹ?

Oòrùn-Ò-Wọ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ó họ orí. Lẹ́yìn náà, ó dín owó kù, bẹ́ẹ̀ ó ti sọ pé ó máa gòkè.

"Màmá, kò sẹ́ni tó bi mí báyìí rí," ó wí níkẹyìn. "Ká sọ tòótọ́, ayọ́ọ̀nù yẹn ò ní jẹ́ kó pẹ́. Àwọn èèyàn ò sì fẹ́ gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé kò lè gbé e, ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n máa lọ."

"Àwa ò ní lọ nítorí òótọ́. Ìwé gáráńtì ńkọ́?"

Kò ní in. Télọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní àwọn á wò káàkiri. Ìjà ò sí níbẹ̀. Bàbá Rélùwéè tiẹ̀ ká máńgòrò fún òun àtàwọn oníṣẹ́ ayùn rẹ̀ lára igi tí wọ́n wá gé, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ lọ lójú ọ̀nà.

Wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta kí wọ́n tó rí èyí tó rán ẹni wá gun òrùlé wò, tó sì kọ gáráńtì páńẹ́ẹ̀lì, ti ínfátà tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, àti ti bátìrì sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ibẹ̀ ló gbé e sórí òrùlé ilé ìdáná.

Ní òwúrọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ lò ó, Nọ́ọ̀sì dé, ó jẹun, ó lọ sùn. Nígbà tó jí, oòrùn ti ń lọ sílẹ̀. Ó sáré jáde sí yàrá iwájú, àmì ìrọ̀rí wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ṣé kò sí nǹkan? Mi ò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni, mo rò pé gbogbo yín ti jáde."

Télọ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí pẹ́dà, fáànù ń fẹ́ sí i. Ẹ̀wù tó ti rán tán wà lórí tábìlì ní títò léra.

"Ẹ tún lọ sùn díẹ̀ sí i," ó wí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò purọ́ pé iṣẹ́ ti tán.

Ẹ má rò pé gbogbo ìṣòro wọn ló parí. Nígbà tí òjò ń rọ̀ lemọ́lemọ́, bátìrì kì í kún. Wọ́n kọ́ láti pa fìríìjì fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ̀rọ ìránṣọ lè rí iná lò. Jẹnẹrétọ̀ ṣì wà lẹ́yìn ilé, wọ́n sì máa ń tàn án lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, eruku máa ń bo páńẹ́ẹ̀lì, Nọ́ọ̀sì á gun òkè lọ fi omi àti aṣọ nù ún, ìyàwó rẹ̀ á máa kígbe láti ìsàlẹ̀ pé kó rọra.

Aládùúgbò wọn kan, akọ̀wé ní báǹkì, rí i, òun náà fẹ́ rà. Ó pe Àǹtí Ẹnjiníà lórí fóònù. Òun nìkan ló ń gbé yàrá rẹ̀, ó ń jáde láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ ló ń wọlé, ilé onílé ló sì ń gbé. Àǹtí ní kó má rà á. Iná tó ń lò ò tó nǹkan, bó bá sì kó kúrò níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, ta ló máa tú páńẹ́ẹ̀lì kúrò lórí òrùlé onílé? Ó ní kó ra fáànù àti àtùpà tó lè tọ́jú iná sínú bátìrì ara wọn. Akọ̀wé rà wọ́n, wọ́n tó o, ó sì fi owó tó ṣẹ́ kù ra kẹ̀kẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ rí i pé ohun kan náà tó dára fún ilé Télọ̀ ni kò yẹ akọ̀wé. Nítorí náà, ẹ má bi ara yín pé ṣé sólà dára. Ẹ bi ara yín pé ṣé ó yẹ ilé tiyín. Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ iná lọ́dọ̀ yín, kí ẹ sì dín èyí tó ń ṣòfò kù. Ẹ yọ ohun tó ń gbóná kúrò nínú ìṣirò. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ gun òrùlé yín wò kí ẹ tó sanwó, nítorí òrùlé tó ti gbó ò lè gbé páńẹ́ẹ̀lì. Ẹ béèrè irú bátìrì tó jẹ́ àti ọdún tó máa lò, ẹ sì gba gáráńtì ní kíkọ sílẹ̀. Ẹ má gbé bátìrì sí yàrá tí ẹ ń sùn. Kí ẹ sì rí i pé oníṣẹ́ ri wáyà ààbò mọ́lẹ̀ nítorí mànàmáná.

Bí ẹnì kan bá ń lé yín pé ọjọ́ ti ń lọ, pé ọ̀la ni owó máa gòkè, ẹ fara balẹ̀. Ẹ lọ wo ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Ẹ má yá owó ra èyí tó ju ohun tí ẹ ń lò lọ. Bí ẹ bá sì ṣírò tán, tí ẹ rí i pé kò tíì yẹ yín lọ́dún yìí, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Oòrùn ò ní lọ síbì kankan. Á tún yọ lọ́la.